Ẹ Má Tíì Pè É ní Ọ̀daràn: Ọ̀rọ̀ Ilé Ẹjọ́ fún Ìyá àti Ọmọ

  Inú ìwé ọmọ iléèwé ni ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ti jáde, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, mo rí i pé ọ̀rọ̀ gbogbo ilé ni.

Ọmọ kan nínú ilé wa mú iṣẹ́ bọ̀ láti iléèwé. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n ka eré kan tí ó dá lórí ẹjọ́, kí wọ́n sì kọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá jókòó tì mí nínú ilé ìdáná. Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, òun ń kàwé, ó sì ń bi mí ní ìbéèrè. Ó ní, "Màmá, ọmọkùnrin tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ yìí, ṣé ọ̀daràn ni kí n pè é ní Yorùbá?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀daràn ni." Ó wo ìwé, ó tún wò mí. Ó ní, "Ṣùgbọ́n wọn ò tíì sọ pé òun ni ó ṣe é o, Màmá."

Ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀wà. Ọmọ jàre mi. Ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ ni olùjẹ́jọ́, èyíinì ni ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn, tí ó ń jẹ́jọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀daràn ni ẹni tí a ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán tí ó sì jẹ̀bi. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti súnmọ́ ara wọn tó yìí, àárín wọn ni ẹ̀mí ènìyàn wà. Nítorí náà ni mo fi ní kí a jọ wo àwọn ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ìyá lè ran ọmọ lọ́wọ́ nídìí ìwé rẹ̀, kí ilé náà sì rí nǹkan mú níbẹ̀.

ERÉ NÁÀ

Orúkọ eré náà ni Twelve Angry Men, tí a lè pè ní Ọkùnrin Méjìlá Tí Inú Ń Bí. Ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Reginald Rose ni ó kọ ọ́. Wọ́n ti pe òun fúnra rẹ̀ rí láti wá jókòó gbọ́ ẹjọ́ ní New York, ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ ni ó sì sọ di eré. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é lórí tẹlifíṣàn ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án, 1954. Ní 1957, Sidney Lumet sọ ọ́ di fíìmù, Henry Fonda sì ni àgbà òṣèré inú rẹ̀. Fíìmù náà kò ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 36 lọ. Bí a bá yọ ìbẹ̀rẹ̀ díẹ̀ àti ìparí díẹ̀ kúrò, inú yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀: tábìlì kan, àga méjìlá, àti ooru tí ó mú gbogbo wọn tí wọ́n ń laagùn.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan, ọmọ tálákà, ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn pé ó fi ọ̀bẹ gún bàbá rẹ̀ pa. Ilé ẹjọ́ ti gbọ́ ẹnu gbogbo ẹlẹ́rìí tán. Ó ku kí àwọn ọkùnrin méjìlá wọ yàrá lọ, kí wọ́n jáde wá sọ bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Bí wọ́n bá ní ó jẹ̀bi, ikú ni.

ÀWỌN TÍ Ó WÀ NÍ ILÉ ẸJỌ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àwọn ènìyàn ibẹ̀. Adájọ́ ni ó jókòó sókè. Òun ni ó ń ṣọ́ òfin, tí ó ń sọ ohun tí ó yẹ kí a gbọ́ àti ohun tí kò yẹ. Lọ́yà ìjọba ni ó gbé ẹ̀sùn wá. Nínú ẹjọ́ ìpànìyàn, ìjọba ni olùpẹ̀jọ́, kì í ṣe ẹbí òkú. Bí aládùúgbò méjì bá ń jà nítorí ààlà ilẹ̀, ẹjọ́ ara wọn ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá pànìyàn, gbogbo ìlú ni ó ṣẹ̀, ìjọba ni yóò sì bá a ṣẹjọ́.

Lọ́yà olùjẹ́jọ́ ni ó ń gbèjà ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn. Nínú eré yìí, ìjọba ni ó yan lọ́yà fún ọmọ náà nítorí pé kò ní owó. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjìlá náà sọ pé lọ́yà yìí kò fi tọkàntọkàn ṣe iṣẹ́ rẹ̀, pé ọ̀pọ̀ ìbéèrè wà tí ó yẹ kí ó bi àwọn ẹlẹ́rìí tí kò bi wọ́n. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí, a óò padà sí i.

Àwọn méjìlá náà ni à ń pè ní júrì. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti jogún àṣà yìí. Wọn kì í ṣe lọ́yà, wọn kì í ṣe adájọ́. Ará ìlú lásán ni wọ́n, tí ìwé ìjọba dé bá lẹ́nu iṣẹ́ wọn pé kí wọ́n wá. Nínú eré yìí, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ aago, ọ̀kan ń kun ilé lọ́dà, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. A kò pe ẹnikẹ́ni lórúkọ nínú yàrá náà: nọ́ńbà ni olúkúlùkù ń jẹ́, láti 1 dé 12. Nọ́ńbà 1 ni alága wọn.

Níhìn-ín ní Nàìjíríà, ilé ẹjọ́ wa kò ní júrì, adájọ́ ni ó ń gbọ́ ẹjọ́ tí ó sì ń dá a. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti di ọmọ ìlú ní Amẹ́ríkà, ìwé yìí lè dé ẹnu ọ̀nà wọn lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀yin ìyá yóò ti máa bi mí pé, obìnrin dà láàrin àwọn méjìlá náà? Kò sí ọ̀kan ṣoṣo. Ní 1975, nínú ẹjọ́ tí à ń pè ní Taylor v. Louisiana, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ìpínlẹ̀ kan kò gbọdọ̀ ṣètò júrì lọ́nà tí yóò yọ àwọn obìnrin sílẹ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ń ṣa orúkọ àwọn tí yóò gbọ́ ẹjọ́, orúkọ obìnrin gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣà.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ níhìn-ín: ìdájọ́ àti ìyà. Júrì ni ó ń sọ bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Lẹ́yìn èyí, gẹ́gẹ́ bí òfin bá ti là á sílẹ̀, adájọ́ ni ó máa ń kéde ìyà tí ó tọ́ sí ẹni tí ó bá jẹ̀bi.

TA NI YÓÒ FI Ẹ̀RÍ MÚLẸ̀?

Ẹ̀sùn kì í ṣe ẹ̀rí. Bí mo bá ní ìwọ ni o jí adìẹ mi, ẹ̀sùn nìyẹn. Èmi tí mo sọ bẹ́ẹ̀ ni n óò mú ẹ̀rí wá, kì í ṣe ìwọ ni yóò máa sáré kiri láti fi hàn pé o kò jí i. Òfin yìí ni Nọ́ńbà 8, tí Henry Fonda ṣe ipò rẹ̀, ń rán àwọn yòókù létí. Ọmọ náà kò níláti sọ gbólóhùn kan: ẹni tí ó fi ẹ̀sùn kàn án ni ẹrù wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé òfin Amẹ́ríkà nìkan nìyí. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 36, sọ pé ẹnikẹ́ni tí a bá fi ẹ̀sùn ọ̀ràn kàn, aláìṣẹ̀ ni kí a kà á sí títí a óò fi fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi. Abala kan náà ni ó sọ pé a gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ẹ̀sùn fún un ní èdè tí ó gbọ́, pé bí kò bá gbọ́ èdè ilé ẹjọ́, kí a fún un ní ògbufọ̀ láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé a kò gbọdọ̀ fi agbára mú un láti jẹ́rìí nínú ẹjọ́ ara rẹ̀. Ẹ kọ́ ọmọ yín ní èyí kí ó tó di ọjọ́ tí yóò nílò rẹ̀.

Báwo wá ni ẹ̀rí náà yóò ti pọ̀ tó? Òfin ní kí ó pọ̀ débi tí kò fi ní sí iyèméjì tí ó nídìí. Òfin ẹ̀rí ti Nàìjíríà tí a ṣe ní 2011 sọ bẹ́ẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó le jù fún ọmọ iléèwé, ẹ jẹ́ kí n fi ìkòkò ọbẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Ẹran mẹ́ta sọnù nínú ìkòkò. Ọmọ wà nílé, ológbò wà nílé, ilẹ̀kùn ilé ìdáná sì ṣí sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní bóyá àǹjọ̀nú ni ó wá kó ẹran náà, iyèméjì tí kò nídìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní, "Ológbò wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí," iyèméjì tí ó nídìí nìyẹn. Kò sọ pé ọmọ kò jẹ ẹran o. Ohun tí ó sọ ni pé a kò lè na ọmọ nítorí ohun tí ojú wa kò tíì dá lójú.

Ẹ̀RÍ ÀTI ẸLẸ́RÌÍ

Ẹ̀rí pín sí ọ̀nà púpọ̀. Ohun ẹ̀rí ni nǹkan tí a lè fọwọ́ bà, bí ọ̀bẹ. Ẹ̀rí ẹnu ni ohun tí ẹlẹ́rìí sọ. Ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹlẹ́rìí tí ó gbọ́ ariwo láti yàrá kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ní ẹ̀rí tí a fi òye so pọ̀: kò sí ẹni tí ó rí i, ṣùgbọ́n àwọn àmì tí ó yí ọ̀rọ̀ ká ń tọ́ka sí ibì kan.

Ohun ẹ̀rí tí ó wà nínú eré yìí ni ọ̀bẹ kan tí ojú rẹ̀ máa ń fò jáde láti inú èèkù bí a bá ti tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà ra irú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì ní ó bọ́ lápò òun sọnù. Ọlọ́jà tí ó tà á ní òun kò ní irú rẹ̀ méjì. Ni Nọ́ńbà 8 bá ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọ̀bẹ kan náà gẹ́lẹ́, ó gún un mọ́ tábìlì. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ilé ọmọ náà ni òun ti rà á ní dọ́là mẹ́fà. Ohun tí wọ́n ní kò ní èkejì ti ní èkejì.

Ẹlẹ́rìí kìíní ni bàbá arúgbó kan tí ń gbé nísàlẹ̀. Ó ní òun gbọ́ tí ọmọ náà pariwo pé òun yóò pa bàbá òun, òun gbọ́ tí ara ṣubú lulẹ̀, òun sì dé ẹnu ọ̀nà ní ìṣẹ́jú àáyá 15, òun rí i tí ọmọ náà ń sáré sọ̀kalẹ̀. Ẹlẹ́rìí kejì ni obìnrin kan tí ń gbé ní òdìkejì òpópó. Ó ní láti orí ibùsùn òun ni òun ti rí i, láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin kan tí ń kọjá lọ láàrin ilé méjèèjì.

Bí a bá gbọ́ báyìí, ó parí. Ṣùgbọ́n òwe wa sọ pé bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a óò rí ìfun inú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbéèrè tú ẹ̀rí wò, iṣẹ́ tí ó yẹ kí lọ́yà olùjẹ́jọ́ ti ṣe níwájú adájọ́. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá lọ nígbà tí ìpànìyàn náà ṣẹlẹ̀, báwo ni bàbá arúgbó ṣe gbọ́ ohùn ènìyàn nínú ariwo bẹ́ẹ̀? Ẹsẹ̀ ń dun bàbá náà. Nọ́ńbà 8 rìn bí ó ti ń rìn, wọ́n fi aago wò ó: ìṣẹ́jú àáyá 41 ni, kì í ṣe 15. Bàbá náà lè má purọ́. Ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó ti bi í léèrè ọ̀rọ̀ rí ní ayé rẹ̀, kí ó wá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun já mọ́ nǹkan lẹ́ẹ̀kan.

Ti obìnrin náà ńkọ́? Nọ́ńbà 9, ẹni tí ó dàgbà jù nínú wọn, rántí pé àpá awò ojú wà ní ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ méjèèjì, bí kò tilẹ̀ lo awò náà wá sí ilé ẹjọ́. Ta ni í fi awò ojú sùn? Bí ó bá ti ń gbìyànjú láti sùn, ojú lásán ni ó fi wo òru náà, láti òdìkejì òpópó, láàrin ọkọ̀ ojú irin.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó yẹ kí ọmọ kọ sílẹ̀: àwíjàre pé ibòmíràn ni mo wà. Ọmọ náà ní sinimá ni òun wà, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọlọ́pàá bi í, kò rántí orúkọ fíìmù tí ó wò. Nọ́ńbà 4, ọkùnrin tí orí rẹ̀ pé, ní irọ́ ni ó ń pa. Nọ́ńbà 8 bẹ̀rẹ̀ sí í bi òun náà nípa sinimá tí ó lọ ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí ó yá, ó ṣi orúkọ fíìmù kejì pè. Inú ìtura ni Nọ́ńbà 4 wà o. Nígbà tí wọ́n ń bi ọmọ náà, òkú bàbá rẹ̀ wà ní yàrá kejì.

"N ÓÒ PA Ọ́ LÓNÌÍ"

Ẹ̀yin ìyá, ibí yìí ni mo ti rẹ́rìn-ín, tí mo sì tún dákẹ́. Nọ́ńbà 3 kò gbà rárá pé ènìyàn lè pariwo pé òun yóò pa ẹnìkan kí ó má ní in lọ́kàn. Kò pẹ́, Nọ́ńbà 8 sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó dùn ún, ó fò dìde, àwọn yòókù dì í mú, ó ń pariwo pé òun yóò pa á. Nọ́ńbà 8 kàn rọra bi í bóyá òótọ́ ni ó fẹ́ pa òun. Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni a ti sọ ọ́ ní ilé wa? Ọmọ da epo sílẹ̀: "N óò pa ọ́ lónìí!" Ọmọ pẹ́ níbi tí a rán an: "Jẹ́ kí ó dé, n óò pa á!" Bí aládùúgbò bá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì lọ jẹ́rìí, ta ni kò ní jẹ̀bi nínú wa? Ọ̀rọ̀ tí òfin ń lò níhìn-ín ni èrò ọkàn, èyíinì ni ohun tí ènìyàn pinnu láti ṣe. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ẹnu sọ nínú ìbínú, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọkàn pinnu.

ÌBÒ, Ẹ̀TANÚ ÀTI OHÙN KAN

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò, ènìyàn 11 ní ó jẹ̀bi, ẹnìkan ṣoṣo ní kò jẹ̀bi. Nọ́ńbà 8 kò sọ pé òun mọ̀ pé ọmọ náà kò ṣe é. Ohun tí ó sọ ni pé ẹ̀mí ènìyàn ni, kò yẹ kí a rán an lọ kú láìsọ̀rọ̀ lé e lórí. Ó ní kí wọ́n dìbò ìkọ̀kọ̀, pé bí gbogbo wọn bá ṣì ní ó jẹ̀bi, òun yóò gbà. Nọ́ńbà 9 ni ó kọ́kọ́ dara pọ̀ mọ́ ọn. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn yòókù ń tẹ̀lé e.

Júrì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Mọ́kànlá sí ọ̀kan kò tó. Bí wọn kò bá lè rẹ́, a lè tún ẹjọ́ náà gbọ́ níwájú júrì mìíràn. Ó pẹ́ tí ìpínlẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Louisiana àti Oregon, fi ń gbà kí mẹ́wàá nínú méjìlá dáni lẹ́bi. Ní 2020, nínú ẹjọ́ Ramos v. Louisiana, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ níbẹ̀ ní rárá, nínú ẹ̀sùn ọ̀ràn ńlá, ohùn kan ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́.

Ẹ̀tanú ni ọ̀rọ̀ tí ó kàn. Òun ni kí a ti kórìíra ènìyàn kí a tó gbọ́ ẹnu rẹ̀. Nọ́ńbà 10 ń sọ pé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe nìyẹn, òpùrọ́ ni gbogbo wọn. Nínú fíìmù, bí ó ti ń sọ ọ́ ni àwọn yòókù ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń kẹ̀yìn sí i. Ti Nọ́ńbà 3 tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti jà, ọdún méjì ni kò sì tíì fojú kan ọmọ náà. Ọmọ tirẹ̀ ni ó ń wò lójú olùjẹ́jọ́. Òun ni ó gbẹ̀yìn. Ó fa àwòrán ọmọ rẹ̀ ya, ó bú sẹ́kún, ó sì ní kò jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan wà fún ọmọ tí yóò kọ ìdánwò. Ọ̀bẹ tí Nọ́ńbà 8 lọ rà níta dùn ún wò nínú fíìmù, ṣùgbọ́n òfin kò gbà á. Ohun tí a sọ nínú ilé ẹjọ́ nìkan ni júrì lè fi dájọ́; kò gbọdọ̀ lọ wá ẹ̀rí tirẹ̀ kiri. Sonia Sotomayor, obìnrin tí ó di ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà ní 2009, sọ pé fíìmù yìí wà lára ohun tí ó fa òun sí iṣẹ́ òfin. Síbẹ̀ ó sọ pé nígbà tí òun wà ní ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀, òun a máa kìlọ̀ fún àwọn júrì pé kí wọ́n má ṣe bíi ti inú rẹ̀.

JẸ̀BI, KÒ JẸ̀BI, JÀRE

Ibí ni ọ̀rọ̀ wa ti gbóná. Ní èdè wa, bí ènìyàn méjì bá ń ṣẹjọ́, ẹnìkan yóò jẹ̀bi, ẹnìkan yóò jàre. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi rí i pé àwọn méjìlá náà ní ọmọkùnrin yìí kò jẹ̀bi, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ó jàre. Mo ní kí ó pa á rẹ́.

Eré náà kò sọ ẹni tí ó pa bàbá náà fún wa. Nígbà tí àwọn méjìlá jáde sínú afẹ́fẹ́, kò sí ẹni tí ó mọ̀ nínú wọn. Bóyá ọmọ náà ni, bóyá òun kọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹ̀rí kò tó láti fi gba ẹ̀mí ènìyàn. Ẹni tí ó jàre, a ti mọ̀ pé òótọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò jẹ̀bi, a dá a sílẹ̀ nítorí pé iyèméjì wà. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí ti gbọ́ eré náà yé.

NÍ ILÉ WA ŃKỌ́?

Mo ti sọ pé ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀wà. N óò sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ mi, 20,000 náírà. Mo wá a, n kò rí i. Ọmọbìnrin kan ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ọmọ ẹbí wa kan láti oko. Òun ni ó máa ń gbá yàrá mi. Èmi ni mo fi ẹ̀sùn kàn án, èmi ni mo jẹ́rìí, èmi náà ni mo dájọ́, lójú àlejò. Mo pè é ní olè. Ó ń sunkún, ó ní, "Màmá, n kò mú un." Mo ní irú ẹkún bẹ́ẹ̀ ni olè máa ń sun. Ní ọjọ́ kẹta, mo rí owó náà nínú báàgì tí mo gbé lọ sí òde ìsọmọlórúkọ.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ bẹ ìyá rẹ̀. Wọ́n ní kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé ti gbọ́ orúkọ tí mo pè é, wọ́n sì ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò pẹ́ tí ó fi ní òun fẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyá òun. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, kò ṣe é kó mọ́.

Èyí tí ó wà nínú ilé kéré sí èyí tí ó wà nígboro. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu, nítòsí Port Harcourt, ọ̀pọ̀ èrò lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin, wọ́n sì dáná sun wọ́n, nítorí ẹnìkan pè wọ́n ní olè. Kò sí adájọ́ níbẹ̀, kò sí lọ́yà, kò sí ẹnìkan ṣoṣo nínú èrò náà tí ó lè dá wọn dúró bí Nọ́ńbà 8. Ní 2017, ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tí ó lọ́wọ́ sí i, ọlọ́pàá kan sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ìyá mẹ́rin ti sin ọmọ wọn.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ń ka eré yìí, ẹ fún un ní ìwé kan, kí ó fa ìlà sí i lọ́nà mẹ́ta. Ní àkọ́kọ́, kí ó kọ ohun tí ẹlẹ́rìí sọ. Ní èkejì, kí ó kọ bí ẹlẹ́rìí náà ṣe mọ̀ ọ́n: ṣé ó rí i ni, ṣé ó gbọ́ ọ ni, tàbí ó rò ó ni? Ní ẹ̀kẹta, kí ó kọ ibi tí iyèméjì wà. Bí ó bá ṣe é fún ọ̀bẹ, fún bàbá arúgbó, fún obìnrin aláwò ojú àti fún sinimá, yóò mọ eré náà ju ẹni tí ó há a sórí lọ.

Kí ẹ̀yin náà sì lo ìlà mẹ́ta yìí nígbà tí nǹkan bá sọnù nínú ilé. Kí ni wọ́n sọ? Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ibo ni iyèméjì wà? Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan kí n tó dá tèmi.

Ọmọ mi ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ó ti fún olùkọ́. Níbi tí ó ti kọ ọ̀daràn tẹ́lẹ̀, ó fa ìlà lé e, ó kọ olùjẹ́jọ́ sókè rẹ̀. Mo ní kí ó má wulẹ̀ tún un kọ sí ojú ewé mìíràn. Kí àtúnṣe náà wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí èmi náà lè máa rí i.